Bí Bàbá Àgbáyé Ṣe Kó Ayé Sí Òpópónà Ṣọlágbadé

Ẹni tó bá ti gbé Okokomaiko rí, tó sì ní etí, á ti gbọ́ nípa ọjọ́ tí Jeremiah Àlàó dá ìpàdé onílé dúró nítorí Paragúè.

Ìpàdé ìparí ọdún ni. Wọ́n to àga sínú ọgbà Olóyè Oyèlékè, ẹni tó nílé jù ní Òpópónà Ṣọlágbadé. Wọ́n ti ka ìròyìn, wọ́n ti jà lórí ọ̀rọ̀ tiransífọ́mà, wọ́n sì ti parí ìjà. Ó wá ku eré tí gbogbo èèyàn tìtorí rẹ̀ wá. Jeremiah Àlàó, tí gbogbo òpópónà ń pè ní Bàbá Àgbáyé, fẹ́ dárúkọ gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà láyé láìwo ìwé. Dókítà Adéníran, ọmọ Èkìtì tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ jọ́gíráfì ní yunifásítì, ni adájọ́. Ó tẹ́ máàpù sórí itan, ó mú pẹ́ńsùlù dání, kó lè máa fàlà sórí èyí tó bá ti gbọ́. Rebecca, ìyàwó Bàbá Àgbáyé, jókòó sẹ́yìn pátápátá, níbi tí èèyàn ti lè tètè dìde bí ìtìjú bá dé.

Bàbá Àgbáyé dìde, ó tún fìlà rẹ̀ dé, ó di ojú méjèèjì.

"Mo jáde nílé," ló wí, "mo yà sọ́wọ́ ọ̀tún."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó la Áfíríkà kọjá láìkọsẹ̀. Ó wọ Yúróòpù, ó jáde. Ó yí Éṣíà ká, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀ nílẹ̀ bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn lójú oorun. Nígbà tó dé Gúúsù Àméríkà, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, kò sọ ọ́ kalẹ̀. Ó la ojú kan.

"Ẹ jọ̀ọ́," ló wí, "kí ló wà láàárín ẹni tó ń lẹ táyà àti ilé ìgẹrun?"

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, Bàbá," ni ẹnì kan dáhùn. "Ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ní ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Olóyè ní kí wọ́n wó o láàárọ̀ yìí, wọ́n fẹ́ kọ́ ilé alájà síbẹ̀."

Bàbá Àgbáyé la ojú kejì. Ó yíjú sí Olóyè Oyèlékè, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀ bíi ti ẹni tó ń béèrè òkú. "Olóyè, ẹ wó Paragúè, ẹ ò sì sọ fún mi."

"Èmi ni mo ni ilẹ̀, mo sì gba ìwé àṣẹ," ni Olóyè wí.

"Wọ́n fún yín láṣẹ lórí ẹlẹ́ní. Ta ló fún yín láṣẹ lórí Paragúè?"

Ẹni tí kò bá mọ bí Bàbá Àgbáyé ṣe ń kà á lè rò pé orí rẹ̀ dàrú. Orí rẹ̀ pé. Orúkọ lásán ni kì í dúró síbẹ̀, àfi ohun tó bá ń fojú rí lójoojúmọ́. Nítorí náà ó fún ilé kọ̀ọ̀kan ní òpópónà ní orílẹ̀-èdè tirẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti orí ilé tó tẹ̀ lé tirẹ̀. Nígbà tí ilé tán, ó bọ́ sórí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí ṣọ́ọ̀bù tán, ó fi òpó iná, igi máńgòrò àti afárá gọ́tà kún un. Bó bá fẹ́ ka ayé, á dijú, á sì máa rìn kọjá níwájú wọn lọ́kàn rẹ̀, á máa kí wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ilé tó bá wó ti kó orílẹ̀-èdè lọ nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, kò bá Olóyè jiyàn pẹ́. Ó kúrò níbi ìpàdé, ó bọ́ sójú títì. Ìpàdé dìde tẹ̀ lé e. Àwọn kan gbé àga wọn dání nítorí wọn ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa já sí. Bàbá Àgbáyé gun orí búlọ́ọ̀kù fífọ́ níbi ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ní, ó ṣí fìlà, ó sì pè é pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Paragúè." Dókítà fàlà sórí máàpù. Bàbá Àgbáyé sọ̀ kalẹ̀, ó kọjú sí ilé ìgẹrun, ó ní, "Urugúè." Onígẹrun gbé ọwọ́ kúrò lórí oníbàárà rẹ̀, ó ní, "Ó wà ní kíláàsì, sà."

Wọ́n rìn yí òpópónà ká bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi padà dé ẹnu géètì Bàbá Àgbáyé fúnra rẹ̀. Òógùn ti bo gbogbo wọn. Ó nu ojú, ó ní, "Mo parí ayé."

Dókítà Adéníran wo máàpù, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. "Ó ku ẹyọ kan," ló wí.

"Èwo ni?"

"Bí mo bá sọ ọ́, èmi ni mo kà á, kì í ṣe ẹ̀yin."

Bàbá Àgbáyé wo òpópónà lọ, ó wò ó bọ̀. Ó yíjú sí Rebecca. "Ìyá Ṣemílọ́rẹ," ló wí, "ṣé oúnjẹ wà nílé?"

Ẹyọ kan yẹn ló ń lé títí ó fi kú. Gbogbo òpópónà ló mọ̀ pé ẹyọ kan ṣoṣo ló kù fún un láti parí ayé, ìdajì òpópónà sì ń gbàdúrà fún un lórí ẹ̀.

Ọjà Alábà ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Ọmọ Àgó-Ìwòyè ni Jeremiah, fíríìjì tòkunbọ̀ ló ń tà. Oníbàárà ò sì lè ra fíríìjì tòkunbọ̀ láìbéèrè ibi tó ti wá, bíi pé ó fẹ́ fi ọmọ fún un. Ọjọ́ kan ni Dókítà Adéníran wá ra tirẹ̀. Wọn ò tíì mọ ara wọn rí.

"Antwerp ló ti wá," ni Jeremiah wí, ó fọwọ́ gbá fíríìjì níkùn.

"Orílẹ̀-èdè wo ni mò ń béèrè."

"Antwerp náà ni."

"Ọ̀gá, Antwerp kì í ṣe orílẹ̀-èdè. Ìlú kan ni ní Bẹ́ljíọ̀mù."

"Ṣé ẹ ti débẹ̀ rí?"

"Mo ti débẹ̀."

"Ṣé wọ́n ṣí kọ̀nténà yìí lójú yín?"

Dókítà ní rárá, wọn ò ṣí i lójú òun.

"Wọ́n ṣí i lójú tèmi. Antwerp ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Mi ò rí Bẹ́ljíọ̀mù kankan níbẹ̀."

Wọ́n jiyàn náà títí àwọn ará ẹ̀gbẹ́ wọn fi ń palẹ̀ mọ́. Nígbà tó yá, Jeremiah, tí kò lè rí ọjà kó má nájà, ní òun á gé owó fíríìjì náà kù dáadáa bí Dókítà bá lè gbà pé orílẹ̀-èdè ni Antwerp. Dókítà ní láéláé. Ó yọ owó, ó san án pé pérépéré. Òun nìkan ni oníbàárà tí ẹnikẹ́ni rántí ní Alábà tó san owó gọbọi nítorí Bẹ́ljíọ̀mù.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Dókítà gbọ̀nà Ìbà wá sí Okokomaiko, ó béèrè ilé Jeremiah, ó tẹ́ máàpù gbàǹgbà sórí tábìlì rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kan Bẹ́ljíọ̀mù. Rebecca wà níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́ tábìlì, ó wò ó títí. Rebecca rò pé yóò tọrọ àforíjì.

"Ó kéré," ni Jeremiah wí. Ó tún wò ó. "Àwọn tó kù ńkọ́?"

Dókítà fi máàpù náà sílẹ̀ fún un. Wọ́n kàn án mọ́ ògiri pálọ̀. Láti ọjọ́ náà, Rebecca ò rí ọkọ rẹ̀ kó jáde nílé bí èèyàn ṣe ń jáde mọ́. Á dúró níwájú ilé onílé, á wò ó láti òkè délẹ̀, á sọ nǹkan lábẹ́ ahọ́n, á sì kọjá. Àwọn ayálégbé tuntun rò pé ó fẹ́ rà á.

Ohun tí Bàbá Àgbáyé ò rò tẹ́lẹ̀ ni pé àwọn èèyàn á fẹ́ mọ ohun tí òun fi wọ́n ṣe. Alhaja Mùsítúrà, tó ń ta ike ní igun òpópónà, gbọ́ pé Náúrù ni òun. Inú rẹ̀ dùn, ó ń sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà, títí tó fi bá Dókítà pàdé tó béèrè bí Náúrù ṣe tóbi tó. Dókítà ò mọ irọ́ í pa. Ó ní èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn ín yí po kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná.

Alhaja dé géètì Bàbá Àgbáyé pẹ̀lú ìdérí bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́.

"Bàbá Ṣemílọ́rẹ, kí ni mo fi ṣe yín?"

"Alhaja, ẹ wọlé."

"Mi ò wọlé. Èmi tí ṣọ́ọ̀bù mi ní ilẹ̀kùn méjì, èmi ni ẹ fi ṣe orílẹ̀-èdè tí kò tó pápá bọ́ọ̀lù?"

"Kì í ṣe nítorí títóbi, Alhaja. Ibi tí ẹsẹ̀ mi dé ni."

"Kí ẹsẹ̀ yín yáa padà sẹ́yìn. Saudi Arabia ni mo fẹ́."

Bàbá Àgbáyé fọwọ́ ru àgbọ̀n. Saudi Arabia wà lọ́wọ́ Gbóyèga jórinjórin, tó jẹ́ díákónì. Wọ́n lọ bá díákónì nídìí iná. Ó ṣí awò ojú sókè, ó gbọ́ ẹjọ́, ó ní òun ò mọ̀ pé Saudi Arabia wà lọ́wọ́ òun láti ọjọ́ yìí wá, kí wọ́n bá òun bo ọ̀rọ̀ náà kó má baà dé ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀. Alhaja di Saudi Arabia, ó fi bọ́kẹ́ẹ̀tì onídérí ta Bàbá Àgbáyé lọ́rẹ. Díákónì gba Náúrù tọwọ́tẹsẹ̀. Bí wọ́n bá bi í, á ní, "Ó kéré, ṣùgbọ́n òkun yí i ká, kò sì sí alábàágbé."

Ti Dámilárá ló fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé. Onídìrí ni Dámilárá, ọmọge tó rẹwà, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì kọjú sí igi máńgòrò. Kirigísítàn ni Bàbá Àgbáyé fi í ṣe. Nígbà tí owó ilé lọ sókè, Dámilárá kó lọ sí Ajangbadi. Oníbúrẹ́dì gba ṣọ́ọ̀bù náà, ṣùgbọ́n bí Bàbá Àgbáyé bá dé ibẹ̀ lójú tó dì, búrẹ́dì ló ń rí, ahọ́n rẹ̀ á sì lọ́ mọ́ra. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Ajangbadi.

"Níbo lẹ̀ ń lọ?" ni Rebecca béèrè.

"Mò ń lọ wo Dámilárá."

Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́ báyẹn, ó wọ bàtà, ó jáde. Rebecca dúró títí tó fi yà ní ìkóríta, ó de gèlè rẹ̀ le, ó sì gun ọ̀kadà tẹ̀ lé e. Gbogbo ohun tó fẹ́ sọ ló ti tò sẹ́nu. Nígbà tó débẹ̀, ó rí ọkọ rẹ̀ lódìkejì títì, ó dúró ṣánṣán, ó tẹjú mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Dámilárá, ètè rẹ̀ ń mì. Dámilárá jókòó sínú, ó ń dirun, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan wà níta. Ọkùnrin náà mi orí lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tí nǹkan yé, ó yí padà láti máa lọ sílé, ó sì ko ìyàwó rẹ̀ lójúkojú.

"Kirigísítàn," ló wí, inú rẹ̀ dùn. "Mo ti rí i gbà padà."

Rebecca ní òun ti ń gbọ́ nípa ọkùnrin tó ń lé obìnrin, òun ò tíì gbọ́ nípa èyí tó ń lé ilẹ̀kùn. Ó ra àgbàdo sísun fún un, wọ́n jọ padà sílé.

Bí Bàbá Àgbáyé ṣe ń gbọ́ràn tó yìí, ibì kan wà tí Dókítà ò lè mì í. Hunsu télọ̀, ọmọ Àgbádárìgì, ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀, òun sì ni ilé àkọ́kọ́. Kútọnu ni Bàbá Àgbáyé fi í ṣe.

"Kútọnu kì í ṣe orílẹ̀-èdè," ni Dókítà wí. "Benin ni orílẹ̀-èdè náà."

"Dókítà, ìgbà wo ni mọ́tò ti ń gba ọ̀nà yìí lọ síbẹ̀? Ṣé ẹ ti gbọ́ kí awakọ̀ kan pe Benin rí ní gáréèjì Ìyànà Ìbà?"

"Ohun tí awakọ̀ ń pè kọ́ la fi ń ṣe jọ́gíráfì."

"Ẹ bi Hunsu. Hunsu, níbo ni ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ń gbé?"

"Kútọnu ni, Bàbá," ni Hunsu wí láìgbójú kúrò lórí ẹ̀rọ. "Ṣùgbọ́n òótọ́ ni Dókítà ń sọ o."

"Ìwọ máa ránṣọ rẹ."

Ó gba Sátidé bíi mélòó kan kí wọ́n tó ṣe ìpinnu. Dókítà ní òun á gbà kó máa sọ Kútọnu, ṣùgbọ́n kó máa wúkọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ikọ́ náà ni Benin. Bàbá Àgbáyé nájà lórí ikọ́ náà, ó fẹ́ kó jẹ́ ikọ́ díẹ̀, Dókítà fẹ́ kó dún. Wọ́n bá ara wọn láàárín. Láti ìgbà náà, "Kútọnu," ikọ́, "Tógò," "Gánà," bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ. Ẹnì kan tó jẹ́ àlejò gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan, ó lọ ra oògùn ikọ́ wá fún un.

Ṣemílọ́rẹ, ọmọ wọn, fẹ́ ọkọ, ọkọ sì kó o lọ sí Kánádà. Kánádà wà ní òpin òpópónà nígbà náà, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń kó omi dọ̀tí sí. Nígbà tí Bàbá Àgbáyé ti pápákọ̀ òfurufú dé, kò wọlé. Ó gba ọ̀dọ̀ Olóyè Oyèlékè lọ, ilé Olóyè sì ni ó kọjú sí ilé rẹ̀ gan-an. Àméríkà ni Olóyè, ó sì ti ń fi í yangàn láti ọdún yìí wá.

"Olóyè, mo fẹ́ fi yín ṣe Kánádà."

"Kí ni mo ṣe tí ẹ fi rẹ̀ mí sílẹ̀?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Mo fẹ́ kó wà níbi tí mo ti lè máa rí i láti orí àga mi ni."

Olóyè ò gbà. Wọ́n ránṣẹ́ sí Dókítà, Dókítà ní bí a bá ka omi mọ́ ilẹ̀, Kánádà fi díẹ̀ tóbi ju Àméríkà lọ. Ojú Olóyè sì là lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní òun ti ń rò ó láti ọjọ́ yìí pé Àméríkà ti ń há òun. Wọ́n gbé Àméríkà lọ sí òpin òpópónà, lẹ́yìn omi dọ̀tí, kò sì sẹ́ni tó gbèjà rẹ̀.

Ọ̀dọ́ kan fi gbogbo orúkọ orílẹ̀-èdè ayé ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp àwọn onílé, ó ní kí Bàbá má wulẹ̀ da ara wọn láàmú mọ́. Bàbá Àgbáyé ní kí wọ́n bá òun pa á rẹ́. "Fóònù ò tíì rìn dé ibì kankan rí," ló wí. Rebecca náà bi í nígbà kan pé kí ló dé tí kò lọ wo máàpù tó wà lára ògiri, kó wá ẹyọ kan tó kù náà níbẹ̀, kí ara ilé lè sinmi. Ó wo ìyàwó rẹ̀ bíi pé ó ní kó lọ fọ́ ilé ìfowópamọ́.

Ní gbogbo Sátidé, Dókítà á dé. Ìyàwó Dókítà ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti tú ká sí òkè òkun, ilé rẹ̀ ní Ìbà sì dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, àyàfi fíríìjì Antwerp tó ń hanrun bíi ẹni tó ń sùn. Rebecca á se ìkọ́kọrẹ́. Dókítà á ní ní Èkìtì iyán nìkan là ń pè lóúnjẹ, á sì jẹ ìkọ́kọrẹ́ náà títí tí àwo á fi mọ́. Lẹ́yìn náà Bàbá Àgbáyé á dijú, á jáde nílé, á yà sọ́wọ́ ọ̀tún. Nígbà tó bá parí, Dókítà á wo máàpù.

"Ó ku ẹyọ kan."

"Ó tún kù."

"Ó kù."

"Kò burú. Sátidé tó ń bọ̀."

Lẹ́yìn ọyẹ́ ọdún yìí, Bàbá Àgbáyé jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́nu géètì láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó kọjú sí Kánádà. Rebecca gbé ẹ̀kọ mímu wá bá a. Ó kọ́kọ́ rò pé ó dijú láti ka ayé ni. Ó dúró pẹ̀lú ife lọ́wọ́, kò fẹ́ dá a lẹ́nu dúró, ó ń retí ikọ́. Ikọ́ ò wá.

Wọ́n sin ín. Ṣemílọ́rẹ wá, ó sì padà. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé ìsìnkú, àwọn ará òpópónà tún ya wá sí iwájú ilé láti kí Rebecca. Wọ́n jókòó. Dókítà Adéníran náà jókòó láàárín wọn, ó di máàpù mọ́ abẹ́ apá, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí.

Hunsu télọ̀ ló wò yíká, tó sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò mọ̀ pé òun ti sọ̀rọ̀: "Kútọnu."

Gbogbo èèyàn wúkọ́.

Wọ́n wo ara wọn. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó tẹ̀ lé Hunsu ní, "Tógò." Ẹni kejì ní, "Gánà." Bó ṣe di pé olúkúlùkù ń dárúkọ ilé ara rẹ̀ nìyẹn. Alhaja Mùsítúrà dìde dúró kó tó sọ Saudi Arabia. Díákónì ní, "Náúrù, òkun yí i ká." Dámilárá ti Ajangbadi wá, ó sì pe Kirigísítàn dáadáa ju bí Bàbá fúnra rẹ̀ ṣe ń pè é lọ. Ẹlẹ́ní tí wọ́n wó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti kẹ́rù lọ sí Ọ̀tọ̀-Àwórì, ṣùgbọ́n òun náà wà níbẹ̀. Ó wo Olóyè lójú, ó ní, "Paragúè." Olóyè wolẹ̀, ó ní, "Kánádà." Àwọn tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó iná àti afárá gọ́tà bá wọn dáhùn. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nu ojú, títí tí ó fi kan géètì tí wọ́n jókòó sí iwájú rẹ̀, tí kò sì sẹ́ni tó sọ nǹkan.

Dókítà ti tẹ́ máàpù sórí itan. "Ó ku ẹyọ kan," ló wí.

"Dókítà," ni Alhaja wí, "ẹni tó ń kà á ti lọ. Ẹ sọ ọ́ fún wa."

"Nàìjíríà ni."

Wọn ò kọ́kọ́ gbọ́ ọ yé. Nígbà tó yé wọn, ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀ débi pé Díákónì ṣubú lórí àga. Dókítà ò rẹ́rìn-ín.

"Ní gbogbo ọdún yìí," ló wí, "mo máa ń rìn lọ sí Ìbà, màá máa rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà. Mo ní, ẹ wo ọkùnrin tó lọ dé Kirigísítàn tó gbàgbé ibi tó dúró sí. Mo fẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ mú un ni. Mi ò mọ̀ pé ọjọ́ ò sí mọ́. Ó yẹ kí n ti sọ fún un, Ìyá Ṣemílọ́rẹ. Ẹyọ kan ló kù fún un láti parí ayé, èmi ni mo fi dù ú."

Rebecca ti ń wò ó láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. "Dókítà," ló wí, "ó mọ̀."

"Kí ló mọ̀?"

"Nínú ọyẹ́ tó kọjá, mo bi í. Mo ní gbogbo ilé ló ní orílẹ̀-èdè, tiwa ńkọ́? Ó kọ́kọ́ na ọrùn wò bóyá ẹ ti ń bọ̀ ní ìkóríta. Ó ní, 'Nàìjíríà ni. Ọjọ́ kìíní ni mo ti fi í síbẹ̀.' Mo ní kí ló wá dé tí ẹ kì í kà á? Ó ní, 'Bí mo bá kà á, mo ti parí nìyẹn. Bí mo bá parí, kí ni ọkùnrin yẹn á tún máa wá ṣe níbí? Kò sí ẹni tó lè bá a jiyàn nílé rẹ̀.'"

Dókítà yọ awò ojú rẹ̀, ó fi etí dàńṣíkí nù ún, ó tún un fi sójú, ó tún yọ ọ́. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà nǹkan mìíràn tẹ̀ lé ẹ̀rín náà, ó sì jẹ́ kó dé.

"Òun náà ló ń fi mí ṣeré," ló wí.

"Ẹ̀yin méjèèjì ni," ni Rebecca wí. "Èmi ni mò ń se ìkọ́kọrẹ́."

Nígbà tí Sátidé mìíràn pé, Rebecca rí Dókítà ní ìkóríta. Ó dúró níbẹ̀ pẹ̀lú máàpù lábẹ́ apá, bíi ẹni tí kò mọ̀ bóyá òun yóò yà tàbí òun yóò padà. Rebecca fọwọ́ pè é. Ó gbé àga kejì síta, òun fúnra rẹ̀ jókòó sórí àga tó kọjú sí Kánádà, ó tún gèlè rẹ̀ dè, ó di ojú méjèèjì.

"Mo jáde nílé," ló wí, "mo yà sọ́wọ́ ọ̀tún. Kútọnu." Ó wúkọ́. "Tógò. Gánà." Ó rìn díẹ̀ lọ́kàn rẹ̀, ó kí àwọn tó mọ̀, ó dé abẹ́ igi máńgòrò, ọ̀nà sì dàrú mọ́ ọn lójú. Ó la ojú.

Dókítà wo máàpù. Ó wò ó pẹ́, nítorí kò mọ irọ́ í pa.

"Ó ku púpọ̀ gan-an ni, Ìyá Ṣemílọ́rẹ."

"Ẹ jókòó, ẹ jẹun," ni Rebecca wí, ó ṣí àwo ìkọ́kọrẹ́ síwájú rẹ̀. "Sátidé ṣì pọ̀."